Ẹranko Apá Mẹ́jọ Nínú Kọ́míìkì Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti Omi Tó Yí Kòsọ́fẹ́ Ká

Àwòrán kan wà tó jẹ́ baba ńlá fún gbogbo àwòrán ọ́kítópọ́ọ̀sì tó ti dẹ́rù ba ọmọdé rí. Pierre Denys de Montfort, ará Faransé kan tó máa ń kọ̀wé nípa ìgbín àti àwọn ẹ̀dá inú omi tí kò léegun, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní nǹkan bí ọdún 1802. Ọkọ̀ kan tó ní òpó ìgbòkun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹranko tó gbá ọkọ̀ náà mú tóbi débi pé ó ti na apá gun òpó ìgbòkun dé òkè, ojú rẹ̀ sì là kalẹ̀ láìkánjú. De Montfort ní àwòrán tí àwọn atukọ̀ kan gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Saint-Malo ni òun tẹ̀ lé. Wọ́n fi san ẹ̀jẹ́ pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ikú. Etíkun Àǹgólà ni wọ́n ní ìjà náà ti wáyé. Ohun tí wọ́n sì ní ọkọ̀ náà kó ni eyín erin, wúrà, àti ẹrú.

Èmi kì í lè wo àwòrán yẹn kí n má ronú nípa àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó wà lókè ní àáké lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni mímọ́ tí wọ́n ń ké pè, wọ́n délé, wọ́n ròyìn. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè sísàlẹ̀ kò rí ẹni ròyìn fún. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà kò gba de Montfort gbọ́, inú ìṣẹ́ ló sì kú sí. Àmọ́ yálà ìjà náà ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹranko yìí ti gba òkìkí, ìtàn rẹ̀ jẹ́ ìtàn àwọn tó wá kó nǹkan lórí omi ẹlòmíràn, tí wọ́n sì padà sílé láti sọ ọ́. Àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ayàwòrán London àti Dundee ń yà á fún àwọn ọmọkùnrin, ìtàn náà kò tíì yí padà púpọ̀. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ tọpa, kí n sì wo ohun tí àwa tí omi yí ká ní Kòsọ́fẹ́, ní Èkó, ní lọ́wọ́ tiwa.

Ìran rẹ̀ kò ṣòro láti tò. Bíṣọ́ọ̀bù Erik Pontoppidan kọ̀wé nípa Kraken ti àwọn ará Norway láàárín ọdún 1752 sí 1753. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Faransé tó ń jẹ́ Alecton bá ẹran omi ńlá kan pàdé nítòsí Tenerife, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n sọ okùn sí i, kìkì ègé ìdí rẹ̀ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Victor Hugo fi ọ́kítópọ́ọ̀sì sínú ìtàn rẹ̀ ní 1866, Jules Verne mú kí irú rẹ̀ kọ lu ọkọ̀ abẹ́ omi Nautilus ní nǹkan bí 1870, H. G. Wells sì kó wọn wá sí etíkun England gan-an ní 1896. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọdé jogún ẹranko náà.

Boy's Own Paper ti wà láti 1879. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson ní Dundee gbé Adventure jáde ní 1921, Rover àti Wizard ní 1922, Skipper ní 1930, Hotspur ní 1933. Ọ̀rọ̀ ló kún inú wọn. Èèpo ìwé ni àwòrán aláwọ̀ mèremère máa ń wà, ibẹ̀ sì ni ẹranko abàmì ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí èèpo ìwé ló ń fa owó jáde lápò ọmọ. Lẹ́yìn Ogun Kejì ni àwòrán wá gba gbogbo inú ìwé: Eagle ní 1950, Lion ní 1952, Tiger ní 1954, Victor ní 1961, Valiant ní 1962, Hurricane ní 1964.

Ẹni tó bá ti ka mẹ́ta nínú ìtàn ọ́kítópọ́ọ̀sì wọn lè sọ bí ìkẹrin yóò ṣe rí. Erékùṣù kan wà ní Òkun Pàsífíìkì, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ọkọ̀ àtijọ́ tó kún fún wúrà ti rì sísàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ péálì ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá atukọ̀ kan débẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ kan wà pẹ̀lú, ìbàǹtẹ́ nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ó ní kí wọ́n má wọ omi yẹn nítorí ohun kan ń gbé ibẹ̀. Wọn kì í dá a lóhùn. Nígbà míì, òun gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ rán wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ìgbà náà ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yóò wá dé akoto idẹ tí wọ́n fi ń wọ abẹ́ omi, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, apá kan yóò yọ láti inú ihò ọkọ̀ tó rì, yóò wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, òmíràn yóò wé mọ́ rọ́bà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá sì dé, kí a tó ka ìdajì ojú ìwé, àáké ti ṣiṣẹ́, omi ti dúdú, àpótí wúrà ti ń gòkè bọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ́kítópọ́ọ̀sì? Àkùràkudà wà, ọ̀nì wà, erè wà. Mo gbà pé ọwọ́ ayàwòrán ló fà á jù. Inú àpótí-àpótí ni kọ́míìkì ti ń sọ̀rọ̀. Àkùràkudà kò lè ṣe ju kó la ẹnu nínú àpótí kan lọ. Ọ́kítópọ́ọ̀sì lè na apá kan la gbogbo ojú ìwé já, kó di ọ̀gá atukọ̀ mú lókè, kó di ọmọ mú nísàlẹ̀, kó sì tún ku mẹ́fà tó ń wá ẹni tí yóò dì mú. Lórí bébà olówó pọ́ọ́kú tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lò, pẹ̀lú yíǹkì dúdú nìkan, kò sí ẹranko tó rọrùn yà tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Apá mẹ́jọ kò gbówó lórí ju apá méjì lọ fún ẹni tó ń fi kálámù ṣe é. Sinimá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ray Harryhausen ń ṣe ọ́kítópọ́ọ̀sì ńlá fún fíìmù It Came from Beneath the Sea, tó jáde ní 1955, apá mẹ́fà ló ṣe fún un, nítorí owó tí wọ́n kó sílẹ̀ kò gbé mẹ́jọ.

Òfin pẹ̀lú wà lára ohun tó fà á. Marcus Morris, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó dá Eagle sílẹ̀, kò fẹ́ rí kọ́míìkì adẹ́rùbani tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà sójú rárá. Ara ohun tó mú un dá tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ní 1955, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti dènà irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, àwọn ìwé tí ìpànìyàn àti ìwà ìkà burúkú kún inú wọn. Àwọn tó ń kọ ìtàn fún ọmọkùnrin nílò ẹ̀rù tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú, ọ́kítópọ́ọ̀sì sì bá a mu wẹ́kú. Kì í ṣe òkú tó jí, kì í ṣe iwin, bí a bá sì gé e lápá, dúdú ló ń tú jáde. Bàbá ọmọ kò ní rí nǹkan wí, olùkọ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan wí. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kó pẹ́ nínú ìwé wọn ju ọ̀pọ̀ ẹranko mìíràn lọ.

Ẹranko gidi náà kò jẹ̀bi ìkankan nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ń gbé ní àríwá Òkun Pàsífíìkì. Bí ó bá na apá, ó máa ń tó mítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ ńlá tó lè gbé rì. Ọkàn mẹ́ta ló ní, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, kò léegun rárá, nítorí náà ó lè gba ihò kékeré kọjá. Sísá ló máa ń sá fún ènìyàn. Ìyá wọn á ṣọ́ ẹyin fún oṣù púpọ̀ láìjẹun, á máa fẹ́ omi sí i kí ó má bàjẹ́, nígbà tí ọmọ bá pa tán, òun náà á kú. Ó dùn mí pé ìyá yẹn kò rí àpótí kan ṣoṣo gbà nínú àwọn ìtàn tí mo mọ̀. Ìbátan rẹ̀ tó gùn jù, èyí tó jọ pé òun ni àwọn atukọ̀ àtijọ́ ń rí fìrí, jìn sínú ibú débi pé ọdún 2004 ni Tsunemi Kubodera àti Kyoichi Mori, àwọn ará Japan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ láàyè níbi tó ń gbé. Ní ẹkùn tiwa, àwọn apẹja Senegal àti Mauritania ń pa irú ọ́kítópọ́ọ̀sì kan tó kéré, wọ́n ń tà á sí Yúróòpù àti Japan. Ọ̀sà wa ní Èkó kò gbà á: bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi odò á pọ̀ ju omi iyọ̀ lọ níbẹ̀, ẹranko yìí kò sì lè gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Ọmọ Agbóyì ní Kòsọ́fẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò ní bá a pàdé láé.

Síbẹ̀ ọmọ Agbóyì lè bá a pàdé nínú ìwé. Nígbà ìjọba amúnisìn, ilé ìwé àti ilé ìkàwé àwọn òyìnbó ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, mọ̀lẹ́bí tó wà nílùú ọba a máa fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé titun wá wọ́n, ẹrù òkìrìkà ló kù. Mo ti rí ọ̀kan ní Kétu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí wọ́n tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá: ìwé ìdánwò JAMB, Bíbélì, ìwé oúnjẹ sísè, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé ìwé London, àti láàárín wọn ìwé ọdọọdún àwọn ọmọkùnrin kan, èèpo rẹ̀ le, orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ojú ìwé tó ṣí sí jẹ́ aláwọ̀ méjì, dúdú àti pupa tó ti ṣá. Apá ẹranko ti wé mọ́ omùwẹ̀ kan láyà. Ẹni tó yà á to àwọn ẹnu afàmọ́ra ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe wà lára ẹranko gidi, wọ́n ń kéré sí i bí apá náà ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ṣóńṣó. Ó fi sùúrù ṣe é, ó sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n lókè, lórí ọkọ̀, àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta ló ń fa okùn, kò sì sí ohun tí a fi lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì: ètè, ẹyinjú funfun, ó tán. Ẹnu afàmọ́ra ẹranko gba àsìkò lọ́wọ́ ayàwòrán ju ojú ènìyàn mẹ́ta lọ.

George Orwell ti ṣàkíyèsí èyí ní 1940, nínú àròkọ kan tó kọ nípa ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọkùnrin. Ó ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ní ipa tirẹ̀ tí kì í yí padà níbẹ̀. Ti ènìyàn dúdú ni kó pani lẹ́rìn-ín, kó sì jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Chinua Achebe náà sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ pé bí òun ṣe ń ka ìtàn ìrìn-àjò àwọn òyìnbó ní Áfíríkà, ẹ̀yìn òyìnbó ni òun wà, títí òye fi yé òun pé òun kọ́ ni òyìnbó inú ìtàn náà. Ohun tí ojú ìwé Kétu yẹn ń ṣe fún ọmọ nìyẹn. Ọmọ kò ní yan ọkùnrin tó ń fa okùn láàyò. Ẹni tó dé akoto idẹ ni yóò yàn.

Mi ò sọ pé kí a sun àwọn ìwé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà nínú wọn. Ohun tí Frank Hampson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi sínú Dan Dare nínú Eagle, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára irin, bí aṣọ ṣe ń ká lára ènìyàn, ayàwòrán èyíkéyìí lè kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé ẹranko wọn kò ní ohùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ilé ta ni ọkọ̀ tó rì náà ti di báyìí.

Nínú ìwé tiwa, ẹranko abàmì ń sọ̀rọ̀. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Agbákò inú rẹ̀ sì ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Kò sí ọ́kítópọ́ọ̀sì tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọdẹ àti irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá pàdé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jù síra wọn. Wọ́n á bèèrè orúkọ ara wọn, wọ́n á yangàn, wọ́n á sọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Ìjà á tó wá bẹ̀rẹ̀. Ní Ìrèké Oníbùdó, tó jáde ní 1949, abẹ́ omi gan-an ní aláṣẹ, Arògìdìgbà, tó ní ìlú, tó ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ àlejò, ìwà àlejò ló sì gbọ́dọ̀ hù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apẹja wa ṣe ń bá omi lò: ọjọ́ wà tí a kì í da àwọ̀n, ibú wà tí a kì í dẹ, ohun kan wà tí a máa ń fún omi kí a tó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Olókun ní ààfin. Ọlọ́sà ní ààfin. Ta ni yóò gbé àáké wọ ààfin?

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀, àwọn iwin náà sì rí bí ẹni tó ní ìran àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Fágúnwà kò sí láyé mọ́ láti rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, odò gbé e lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida.

Ti kọ́míìkì ńkọ́? Ní 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ ìtàn, tí àwọn òṣèré alárìnjò wa fara hàn nínú rẹ̀. Ní sáà kan náà, African Film tí ilé-iṣẹ́ Drum ń gbé jáde mú Lance Spearman wá, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúdú pẹ̀lú fìlà àti sìgá ńlá, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jà sí. Fọ́tò ni méjèèjì, ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà nìkan ni fọ́tò sì lè mú, nítorí náà ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ọ̀tá inú wọn máa ń jẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, ní 1975, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, bẹ̀rẹ̀ sí í ya Powerman, kọ́míìkì tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó tí wọ́n sì kó wá tà ní Nàìjíríà. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn rẹ̀. Akọni dúdú ni Powerman, ó ń fò lójú òfurufú, ọta ìbọn kò ràn án, oró ejò nìkan ló lè mú un. Wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán fi nọ́mbà sí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé Nàìjíríà lè mọ èyí tó kàn. Ọmọ tó ti ń ka Atọ́ka fún ọdún mẹ́jọ kò nílò nọ́mbà kankan. Gibbons wá di ẹni tó ya Watchmen, Bolland di ọ̀kan nínú àwọn tó ya Judge Dredd lọ́nà tó gbayì jù, a sì lè sọ láìparọ́ pé owó ọmọ Nàìjíríà wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú abàmì tí wọ́n yàn fún wa: ejò inú igbó. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn wa, ìyẹn ni wọ́n rí láti òkèèrè.

Àwòrán àjèjì kò sì fìgbà gbogbo borí wa. Ní àwọn ọdún 1880, ilé ìtẹ̀wé Friedländer ní Hamburg tẹ àwòrán obìnrin apidán kan tó fi ejò yí ara ká. Irun rẹ̀ gùn, ó ń wo ọ̀kánkán. Kò sí omi kankan nínú àwòrán náà. Nígbà tó dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n rí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì di Màmí Wọ́tà. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára igi, wọ́n kùn ún sára ògiri, wọ́n kọ́ pẹpẹ fún un. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ kan ní Bombay tún un tẹ̀, ẹ̀dà 12,000, fún àwọn oníṣòwò Kumasi. Nígbà tí C. J. Obasi sì ṣe fíìmù Mami Wata, tó jáde ní 2023, kò sí ohun tó jọ Hamburg nínú rẹ̀ mọ́. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tí a fi lè gba obìnrin yìí mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, tí ọ́kítópọ́ọ̀sì kò fi rí ilé gbé lọ́dọ̀ wa. Ohun tó hàn sí mi ni pé obìnrin náà dá dúró nínú àwòrán tirẹ̀. Kò sí ìtàn tó ti parí lára rẹ̀, ènìyàn lè bá a sọ̀rọ̀, lè gbé nǹkan wá fún un, lè bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́kítópọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ikú tirẹ̀ nínú ojú ìwé kan náà, ẹni tó pa á sì ti kó wúrà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Odò Ògùn, odò Yemọja, sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹrí, ó gba ẹ̀yìn Mile 12 àti Owódé Onírin, ó wọ ọ̀sà lápá Agbóyì, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ojú odò yìí ni Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ti ń tẹ̀ lé àwo tó léfòó, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti òkè, títí àwo náà fi yí bírí tó sì rì ní Ìṣẹrí. Kò sí akọni tó wọ omi lọ gbé e jáde. Omi ti sọ ibi tí wọn yóò dúró sí, wọ́n gbà, wọ́n tẹ̀dó. Ọkọ̀ tó rì pẹ̀lú wúrà nínú kọ́míìkì àti àwo tó rì ní Ìṣẹrí, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí méjèèjì, ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìlú gbogbo dúró lórí ohun tí wọn kò lọ kó.

Odò kan náà ní abàmì tirẹ̀ tí kì í ṣe ìtàn. Láti 1983 ni ìdídò Ọ̀yán ti wà lókè odò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n ní láti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi á gba odò Ògùn sọ̀kalẹ̀, á wọ Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, Agílítì, ẹ̀yìn Mile 12 àti apá kan Kétu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ó gba ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ọkọ̀ ojú omi sì ń gba àdúgbò tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọ àdúgbò yẹn mọ bí apá omi ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lóru, tí á kọ́kọ́ tutù lábẹ́ ẹní, tí á sì ti wé mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ìyá tó tan iná. Ewéko orí omi tó dé láti apá orílẹ̀-èdè Benin ní nǹkan bí 1984 náà ń ṣe tirẹ̀: á bo ojú omi pátá, á wé mọ́ àjẹ̀, á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọkọ̀ á dúró láàárín ọ̀sà. Ayàwòrán tó bá ń wá ohun tó ń di ènìyàn mú lẹ́sẹ̀ kò ní láti wá a dé Pàsífíìkì. Abàmì ti Ọ̀yán tún ní ohun tí ọ́kítópọ́ọ̀sì kò ní: ẹnì kan wà lókè ọ̀hún tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ìtàn gidi lèyí, ìtàn tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bi ìbéèrè nínú rẹ̀.

Àwọn tó lè yà á kò sì jìnnà. Lagos Comic Con ti wà láti 2012, Comic Republic láti 2013. Nnedi Okorafor fi ìwé rẹ̀ Lagoon, tó jáde ní 2014, kó àwọn ẹran abàmì inú òkun wá sí Bar Beach, ẹja tó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ń bínú sí páìpù epo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹranko ibẹ̀ ní ẹjọ́ tó ń rò. Roye Okupe àti Godwin Akpan gbé Iyanu jáde ní 2021, ìtàn ọmọbìnrin kan ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbà ìwáṣẹ̀, níbi tí ègún ti ba àwọn ẹranko jẹ́, ó sì di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Mo kà á, mo wò ó, inú mi dùn. Ẹranko ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn ń pa. Wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rí tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló bà wọ́n jẹ́, a sì lè tún wọn ṣe. Ọ̀nà tí Fágúnwà là nìyẹn.

Ohun tó kù ni èdè àti owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ Iyanu, Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ wà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta tòmátò ní Mile 12 lè fà yọ. Nígbà ayé wọn, Hotspur àti Valiant máa ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí bébà tí kò wọ́n, ọmọ òṣìṣẹ́ sì lè rà wọ́n. Ìwé ìròyìn Aláròyé ti fi hàn láti 1996 pé ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Yorùbá lè rí òǹkàwé. Kọ́míìkì olójú ìwé mẹ́rìndínlógún, dúdú àti funfun, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Kétu àti Ọjọ́ta, kò ju agbára ìlú yìí lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé e wá ayàwòrán tó ti rí ọ̀sà ní àárọ̀, kó sì wá ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa láti máa kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán. Iṣẹ́ ẹni kejì yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ọ́kítópọ́ọ̀sì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sọ nǹkan kan rí, nítorí náà wọn kò nílò àyè fún ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Tiwa yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò ki ara rẹ̀, yóò bi ọmọ Agbóyì léèrè ohun tó wá ṣe lórí omi lálẹ́. Kí wọ́n fi àyè ńlá sílẹ̀ lókè àpótí fún oríkì rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn.